Wọ́n Ní Àṣà Wọn Ló Pa Wọ́n Lẹ́nu Mọ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Wọ́ọ̀dù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ilé-ìwòsàn ìjọba kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí mẹ́ta fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà wọlé láti òkè òkun, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe máa la ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn yòókù wá láti ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà àti láti orílẹ̀-èdè Philippines. Wọ́n ti yan ọjọ́, wọ́n ti gba yàrá, wọ́n ti kọ iye tí wọ́n máa san. Ó ku kí n wá.

Iṣẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ni mò ń ṣe, ẹ̀ka tèmi sì ni àjọṣe àwọn tí àṣà wọn yàtọ̀ síra níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, irú ìpè báyìí pọ̀ débi pé a ò lè dáhùn gbogbo rẹ̀. Wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta, slide, ìbéèrè, fọ́tò, ó tán. Owó wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn yìí fi ìwé ìwádìí kan ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà wọn, gbólóhùn kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n lè gba iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Mo ti yí ohun tó lè tú ẹnikẹ́ni fó padà nínú ìtàn yìí. Bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra ni mi ò fọwọ́ kàn.

Alẹ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀

Baba arúgbó kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn ilé-ìwòsàn NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní NEWS2. Royal College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan níbẹ̀, ló gbé èyí àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2017. Nọ́ọ̀sì á ka bí aláìsàn ṣe ń mí, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìfúnpá, bí ọkàn ṣe ń lù, ìgbóná ara, àti bóyá ojú rẹ̀ dá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Tí àròpọ̀ bá dé 5, ó yẹ kí dókítà wá kíákíá. Tó bá dé 7, pàjáwìrì ni.

Ní òru ọjọ́ náà, ti baba dé 6. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pẹ́ nílé-ìwòsàn náà, kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì tó jẹ́ alákòóso díútì alẹ́ yẹn, ó ní ara baba náà kò fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ìyẹn dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí dókítà tó dé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbé baba lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ó yè é, a dúpẹ́.

Níbi tí wọ́n ti kọ ohun tó fa ìdádúró sínú ìwé ìwádìí, wọ́n ní nọ́ọ̀sì náà kò fi agbára sọ ohun tó rí, nítorí àṣà ìlú rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo kà tí mo fi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dúró ná. Ìwé kan náà ló sọ pé ó sọ ọ́ tó tún sọ pé kò sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ti gbìyànjú kí n tó dé

Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ti wá ṣáájú mi. Ó gbé àtẹ Geert Hofstede wá, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands tó lo ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ IBM láti ọdún 1967 sí 1973 láti fi wọn àṣà orílẹ̀-èdè. Nínú àtẹ náà, bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe gbà pé ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́ jẹ́ 77 fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti 35 fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹni tó wà ní yàrá wo nọ́ḿbà méjèèjì, wọ́n mi orí, ọ̀rọ̀ yanjú.

Ohun tí slide náà kò sọ ni pé nínú ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn, Nàìjíríà kò ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone ni Hofstede kó pa pọ̀ tó fi di Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn tó dáhùn, nígbà tí wọn ò tíì bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Hofstede fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwùjọ lòun ń sọ, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í sábà wọ inú slide.

Ìpalára tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe, ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti gbọ́ ọ. Kí wọ́n tó ṣe é, bí ẹnì kan láti òkè òkun bá dákẹ́, wọ́n á bi í pé kí ló rí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò bi í mọ́. Wọ́n ti kọ́ wọn pé bí wọ́n ṣe dá àwọn ará òkè òkun nìyẹn, ẹni tó bá sì bi wọ́n ní ìbéèrè lójú gbogbo èèyàn á máa kó ìtìjú bá wọn. Inú rere ni wọ́n fi ṣíwọ́ bíbi wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ kọ̀ǹpútà lọ ka ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀tanú inú ọkàn tí èèyàn kò mọ̀ pé òun ní. Dandan ni. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí: ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé òun máa dá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dúró láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ìwádìí Frank Dobbin àti Alexandra Kalev nípa àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà sì ti fi hàn pé tí a bá fi tipátipá mú àwọn ọ̀gá wọ irú kíláàsì yìí, ó máa ń bí wọn nínú ju bó ṣe ń yí wọn padà lọ. Ní wọ́ọ̀dù tí mò ń sọ yìí, wọ́n máa ń tẹ ìdáhùn náà bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́.

Pọ́sítà ló tẹ̀ lé e. Dókítà Kate Granger, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, ló bẹ̀rẹ̀ ìpolongo «Hello my name is» lọ́dún 2013, nítorí pé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń wọlé sí i láì dárúkọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Aláìsàn ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ilé-ìwòsàn yìí wá nà án gùn, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ gbogbo máa pe ara wọn ní orúkọ àkọ́kọ́ nìkan, orúkọ ìdílé kò sí, oyè kò sí, láti orí ọ̀gá dókítà dé orí ẹni tó ń gbé oúnjẹ. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí wọ́n tọ́ ní Ìjẹ̀bú tàbí Ìléṣà, ni wọ́n ní kó dúró níwájú dókítà tó jù ú lọ kó pè é ní Peter. Kò pè é ní Peter, wọn ò sì jẹ́ kó pè é ní Dókítà. Kò wá pè é ní nǹkan kan mọ́. Ẹni tí kò bá rí orúkọ pe ẹnì kejì á dúró títí ìyẹn á fi wojú rẹ̀, ní wọ́ọ̀dù tí ọwọ́ gbogbo èèyàn dí, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wojú èèyàn.

Mo jókòó ti wọ́n

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wà ní wọ́ọ̀dù nígbà tí àwọn alẹ́ bá ń fi iṣẹ́ lé àwọn ọ̀sán lọ́wọ́, àti nígbà tí àwọn ọ̀sán bá ń fi í lé àwọn alẹ́ lọ́wọ́. Edward Hall, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí baba iṣẹ́ tiwa yìí, wíwo èèyàn ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ní Washington láàárín ọdún 1951 sí 1955: ibi tí wọ́n dúró sí, bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó, ìgbà tí wọ́n fi dákẹ́. Àtẹ àti nọ́ḿbà kò tíì dé nígbà náà.

Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu díẹ̀. Alákòóso díútì ló máa ń ka ọ̀rọ̀ gbogbo aláìsàn láti ojú kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì tó lo gbogbo òru lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì á dúró sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké náà kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù nǹkan nípa aláìsàn, yàrá tíì ni wọ́n ti ń sọ ọ́, tàbí ní ìta níbi tí wọ́n ti ń mu sìgá, fún alákòóso tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ń gbà kọjá. Àwọn ará òkè òkun kì í sì sí níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe pín àkókò ìsinmi kò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn yòókù pàdé.

Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ ń dákẹ́ níbi ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́. Ti àwọn kan nìkan ni wọ́n ń pè ní àṣà.

Lẹ́yìn náà, mo pe àwọn nọ́ọ̀sì ará òkè òkun jọ, a sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ẹnì kan láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló ń fà á tí ó fi nira láti sọ̀rọ̀. Kíá ni ìdáhùn jáde: «Nílé wa, a máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.» Àwọn ará Kerala gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ará Philippines gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń kánjú ni, ibẹ̀ ni ìwádìí mi ì bá ti parí, slide mi ì bá sì jọ ti ẹni àkọ́kọ́.

Ohun tó dá mi dúró ni pé mo ti gbọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí kan náà níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ariwo! Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ìwọ̀n oògùn, àbúrò ń já ẹ̀gbọ́n nírọ́, ẹ̀gbọ́n ń sọ pé kó mú ìwé wá. Bí ó bá jẹ́ ìbọ̀wọ̀ fágbà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, àgbà ti wà níbẹ̀ náà.

Lẹ́tà Àǹtí

Ẹni tó là mí lọ́yẹ̀ ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé-ìwòsàn ńlá kan nílẹ̀ wa kó tó jápa. Mo ní kí á jókòó, àwa méjì péré, ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn iṣẹ́.

«Bọ̀dá, ẹ má bínú,» ló fi bẹ̀rẹ̀, «ṣé èmi ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ? Mo ti dá ọ̀gá dókítà dúró ní tíátà rí, nílé o, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fún aláìsàn kì í ṣe tirẹ̀. Ó bú mi, ó sì dúró.»

Mo ní, «Àǹtí, kí ló wá dé níbí?»

Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú báàgì.

Ní àwọn oṣù tó kọ́kọ́ dé, dókítà kékeré kan kọ co-amoxiclav fún obìnrin kan tó wọ ọ̀já ọwọ́ pupa pé pẹnisílíìnì kì í bá òun lára mu. Pẹnisílíìnì wà nínú co-amoxiclav. Àǹtí kọ̀, kò fún un. Ó sọ ọ́ sókè, lójú gbogbo àwọn tó ń yípo wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n yí oògùn padà. Lọ́sẹ̀ kejì, mánéjà wọ́ọ̀dù pè é sí ọ́fíìsì, ó ní ohùn rẹ̀ le jù, pé ó dójú ti dókítà, pé ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó fún un ní lẹ́tà: ètò àtúnṣe ìwà, tí kì í ṣe ìjìyà lójú òfin, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa gbé yẹ̀ wò kí àsìkò ìdánwò rẹ̀ tó parí.

Ẹ fi ojú ẹni tó gba lẹ́tà yẹn wò ó. Físà rẹ̀ so mọ́ ilé-ìwòsàn náà. Bí wọ́n bá dá a dúró, ọgọ́ta ọjọ́ ló sábà máa ń jẹ́ kí ó rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó lè dúró fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ ilé. Àdéhùn tó fọwọ́ sí sọ pé bó bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, yóò dá apá kan padà nínú owó tí wọ́n ná láti mú un wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ta ọkọ̀.

«Lálẹ́ ọjọ́ yẹn,» Àǹtí ní, «mo fi sórí WhatsApp wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la ti máa ń sọ fún un: níbí o, sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀, kúrò níbẹ̀.»

Sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀, kúrò níbẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe ní òru baba arúgbó gan-an nìyẹn, ní títẹ̀léra. Kò gbé e wá láti Nàìjíríà. Wọ́ọ̀dù náà ló kọ́ ọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ èyí nínú ìpàdé àkọ́kọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní ẹni ẹ̀ka òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó rọrùn láti sọ fún òyìnbó pé ìbọ̀wọ̀ fágbà ló dá òun lẹ́kun ju kí òun sọ fún un pé ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ba òun. Èyí àkọ́kọ́ á mú kó rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ lè ní kí ẹ wá wọ aṣọ òkè ní ọjọ́ ayẹyẹ àṣà. Èkejì á mú kó ṣí fáìlì.

Kì í ṣe ìtàn wọ́ọ̀dù kan lásán. NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i nínú ìwádìí tirẹ̀ pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi ẹjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú sùn ju bí iye wọn ṣe tó lọ. Láti ọdún 2015 ni NHS ti ní òṣùwọ̀n ìdọ́gba ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní WRES, pẹ̀lú ohun mẹ́sàn-án tí gbogbo ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ ṣírò. Ọ̀kan nínú wọn ni bóyá ọ̀rọ̀ ìbáwí ń kan aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké ju aláwọ̀ funfun lọ. Ilé-ìwòsàn yìí ń ṣírò tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìwádìí òru baba.

Apá tí àṣà wà lóòótọ́

Mo lọ bá alákòóso díútì òru yẹn, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ láti rí ẹni tí kò ka èèyàn sí. Èèyàn dáadáa ni. Òṣìṣẹ́ méjì kò wá lálẹ́ yẹn, ó ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. «Mo sọ fún un pé kó pe dókítà,» ló ń tẹnu mọ́.

Mo ní kó sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, tí ọkàn nọ́ọ̀sì náà kò bá balẹ̀, bóyá ó lè fẹ́ láti pe dókítà ní ìṣẹ́jú kan tó bá ráyè. Lẹ́nu obìnrin yìí, àṣẹ ni: lọ pè é báyìí. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ ọ, ohun tó gbọ́ ni pé ọ̀gá kò rí nǹkan tó le níbẹ̀, pé ó fi í sílẹ̀ fún un, pé bó bá lọ jí dókítà lórí rẹ̀ tí kò sì sí nǹkan, òun nìkan ni yóò dá ẹjọ́ náà rò. Nílé, ọ̀gá tó bá fẹ́ kí o pe dókítà á ní, «Lọ pe dókítà.» Báyìí ni olúkúlùkù wọn gbà pé ọwọ́ ẹnì kejì ni iṣẹ́ náà wà, baba sì wà láàárín wọn.

Nítorí náà, àṣà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó wà lódìkejì ibi tí slide ti ń tọ́ka. Ẹni tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ gbangba ń retí àṣẹ tó ṣe gbangba. Àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń sọ ojú abẹ níkòó ló ń fi ọ̀rọ̀ bò ọ̀rọ̀.

Àwọn àtúnṣe

Iṣẹ́ tó le jù wà ní ọ́fíìsì mánéjà. Bí mo ṣe gbé lẹ́tà Àǹtí kalẹ̀ (Àǹtí ti yọ̀ǹda fún mi), ojú rẹ̀ yí padà. «Ṣé ẹ ń pè mí ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni?»

Ìbéèrè yẹn ti pa iṣẹ́ púpọ̀ lójú mi. Bí èèyàn bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ìpàdé parí. Bó bá dáhùn rárá, ìpàdé parí náà, torí ara á tu ẹni náà, a ó sì jọ mu tíì. Mo ní kó jẹ́ kí a jọ wo gbogbo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó ti kọ, ká má wo orúkọ, ká wo ọ̀rọ̀ nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ló kà wọ́n. Fún àwọn kan, ohun tó kọ ni pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Fún àwọn kan, ohun tó kọ ni pé ohùn wọn, ojú wọn, ìṣe wọn kò dára. Ó mọ ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún láìjẹ́ pé a wo orúkọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yí fọ́ọ̀mù náà sí mi, ó ní, «Kò síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá òótọ́ ni nọ́ọ̀sì náà sọ.»

Òun ló rí i. Èmi kò tíì rí i. Ìgbìmọ̀ Macpherson, tó wádìí ikú Stephen Lawrence, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà pa ní London, ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1999 pé ilé-iṣẹ́ lè máa ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà nípa ètò àti ìṣe rẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò bá gbèrò ibi. Àwọn èèyàn máa ń fi gbólóhùn yẹn jà. Níbí, fọ́ọ̀mù lásán ló gbé e jáde.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ló wà lókè fọ́ọ̀mù, kò sì sí ètò àtúnṣe ìwà tó ń jáde láìjẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe ará wọ́ọ̀dù náà kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kọ lẹ́tà sí gbogbo nọ́ọ̀sì tó ní físà pé sísọ ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù nípa aláìsàn kò lè kan físà wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ owó ìdápadà kúrò nínú àdéhùn. Wọ́n kọ̀.

Níbi ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́, ẹni tó tọ́jú bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ báyìí, láti orí àwọn tó kéré jù nípò lọ sókè, ní ìlànà SBAR tí gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn rẹ̀, èrò mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Èyí tó kẹ́yìn ni mo rọ̀ mọ́ jù, nítorí òun ni kò fàyè sílẹ̀ fún «bóyá». Tí NEWS2 bá dé 5, nọ́ọ̀sì lè pe àwọn ikọ̀ pàjáwìrì fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pààrọ̀ àkókò ìsinmi. Ọ̀rọ̀ orúkọ, a fi sílẹ̀ fún olúkúlùkù: ẹni tó bá fẹ́ sọ pé Dókítà tàbí Sisítà, kó sọ ọ́. Ó wá hàn pé inú àwọn nọ́ọ̀sì àgbà Gẹ̀ẹ́sì kan dùn sí i, torí wọ́n ti dàgbà nínú wọ́ọ̀dù tí Sisítà ń jẹ́ Sisítà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí wáyé, lọ́nà mìíràn. Lọ́dún 1971, Fiedler, Mitchell àti Triandis kọ̀wé nípa ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní culture assimilator: ìtàn kúkurú nípa èdè-àìyedè láàárín ará ìlú àti àlejò, pẹ̀lú ìdáhùn mélòó kan tí akẹ́kọ̀ọ́ á yan nínú wọn. Àlejò ló sábà máa ń ka ìtàn, tí yóò máa kọ́ ara rẹ̀ bí ará ìlú ṣe ń ronú. Mo yí i po. Àwọn nọ́ọ̀sì ará òkè òkun ló kọ ìtàn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dáhùn, dókítà pẹ̀lú. Nínú ọ̀kan, ọ̀gá sọ fún nọ́ọ̀sì pé iṣẹ́ rẹ̀ «kò burú rárá». Ṣé ó yìn ín ni àbí ó bá a wí? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ọ̀gá dókítà wọn kùnà nínú ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí dandan, ẹni tó bá fẹ́ ló wá. Gordon Allport ti sọ láti ọdún 1954 pé ìpàdé lásán kì í mú ẹ̀tanú kúrò, àfi kí ipò àwọn èèyàn dọ́gba níbi ìpàdé náà, kí wọ́n ní àfojúsùn kan, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún un, kí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní wákàtí yẹn, ẹni tó kọ ìbéèrè ló mọ ìdáhùn, ipò sì dọ́gba fún ìgbà díẹ̀.

Ìdánwò rẹ̀

Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́ títí ẹnì kan fi lò ó. Nọ́ọ̀sì kan láti Kerala rí 7 ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, ó pe ikọ̀ pàjáwìrì, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà àgbà kan binú pé wọn ò kọ́kọ́ sọ fún òun, ó sì kọ̀wé sí mánéjà. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò. Àwọn tó wà lórí WhatsApp ń wò jù.

Mánéjà fèsì nínú ìwé, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì náà: ohun tó ṣe ni ètò ní kó ṣe. Gbólóhùn kan péré. Àǹtí sọ fún mi pé kó tó di alẹ́, ìwé náà ti wà lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tí wọ́ọ̀dù náà yí padà, ọjọ́ yẹn ni. Kì í ṣe ọjọ́ tí mo ṣe ohunkóhun.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dúró. Lálẹ́ tí òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ bá pọ̀, alákòóso á tún máa ka ìwé fún gbogbo èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀, torí àwọn wọ̀nyẹn ò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣètò. Àǹtí rí ipò tó ga sí i nílé-ìwòsàn mìíràn, ó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn olùdarí fẹ́ kí n di gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ìdajì ọjọ́, kí wọ́n lè gbé e yípo gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó tì. Wọ́n ní owó ò sí fún ìjókòó, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni owó wà fún.

Fún àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wọ iṣẹ́ yìí ń pọ̀ sí i ní London, ní Houston, ní Èkó pẹ̀lú, wọ́n sì máa ń pè wá nítorí pé a mọ àṣà «wọn». Ewu kan wà nínú ìyẹn. Àwọn èèyàn wa á fún wa ní àṣà bí ìdáhùn, torí òun ni kò léwu fún wọn; ẹni tó ń sanwó á fẹ́ gbà á, torí òun ni kò ná an ní nǹkan kan. Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, nígbà tó ń dá ètò abúlé sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, mú ẹbí aláìsàn wá sí tòsí, kò sì fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú àrùn rẹ̀. Èmi náà ń wo ohun tó yí ẹni tó dákẹ́ ká kí n tó wo ìlú tó ti wá. Ìdánwò tí mò ń lò rọrùn: ṣé ìwà yìí wà níbi tí àṣà ti jẹ́ ọ̀kan náà ṣùgbọ́n tí agbára kò sí? Bí wọ́n bá ń jiyàn ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, kì í ṣe àṣà.

Kí n tó dá iye owó fún ẹnikẹ́ni báyìí, mo máa ń béèrè ìwé mẹ́ta: fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bá òṣìṣẹ́ wí, àdéhùn tí àwọn tó ní físà fọwọ́ sí, àti ètò àkókò ìsinmi. Àwọn tó bá kọ̀ láti fún mi ní èyí kejì, mi ò kì í bá wọn ṣe é.